Ata tó bá jẹrà lójú títì kò lè wọ bàálù

  

Lónìí a ò ní sọ̀rọ̀ ajílẹ̀. A ò ní sọ̀rọ̀ oúnjẹ ẹja, bẹ́ẹ̀ la ò ní sọ̀rọ̀ kòkòrò tó ń jẹ ewé ẹ̀fọ́. Ọ̀rọ̀ kan wà tó ti ń dùn wá lọ́kàn tipẹ́, àwọn èèyàn sì ti fi ránṣẹ́ sí wa títí tó fi sú wa. Ọ̀rọ̀ náà ni èyí tí wọ́n ń sọ pé kí àgbẹ̀ fọkàn balẹ̀, pé pápákọ̀ òfurufú ẹrù oko ti dé, pé láìpẹ́ ata wa á máa wọ bàálù lọ sí Lọ́ńdọ̀nù láàárọ̀, owó dọ́là á sì wọlé lálẹ́.

Ẹnìkan nínú àwa tá a jọ ń ka ojú ewé yìí, ìyá kan tó ń gbin ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ àti ugwu, ti san owó fọ́ọ̀mù fún ọkùnrin kan tó ní òun á fi orúkọ wọn sílẹ̀ fún "ẹ́kspọ́ọ̀tì pápákọ̀". Owó yẹn ti wọ igbó. Nọ́ńbà fóònù ọkùnrin náà kò lọ mọ́. Ìdí nìyẹn tá ò fi lè dákẹ́.

Ẹ jẹ́ ká là á mọ́lẹ̀ kó tó di pé ẹnìkan bínú. A ò kórìíra pápákọ̀ òfurufú. Ta ló kórìíra ohun tó dáa? Ohun tá à ń bá jà ni kí wọ́n máa fi orúkọ àgbẹ̀ tọrọ owó, kí wọ́n fi orúkọ àgbẹ̀ gba ilẹ̀, kí wọ́n wá fi ohun tí wọ́n kọ́ gbé ẹlòmíì. Ìtàn ló máa gbè wá lẹ́yìn, ẹ jẹ́ ká sọ ọ́.

ÌKẸJÀ NI KÁ TI BẸ̀RẸ̀

Àwa ará Alímòṣọ́, kò sí ẹni tó máa kọ́ wa ní bàálù. Orí òrùlé wa ni wọ́n ń gbà kọjá. Ọmọ wa tí kò tíì lè sọ̀rọ̀ dáadáa ti ń juwọ́ sí wọn.

Ìgbà ogun àgbáyé kejì, nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì ń bá Jámánì jà, ni wọ́n ṣe pápákọ̀ Ìkẹjà. Ilẹ̀ tí wọ́n ṣe é sí, ilẹ̀ oko àwọn Àwórì ni. Nígbà tí ogun parí, ní 1946, wọ́n dá ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú ti Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà sílẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní WAAC, pápákọ̀ náà sì di ti èrò. Wọ́n wá kọ́ ilé ńlá tuntun síbẹ̀, wọ́n wo ti Schiphol ní Amsterdam ṣe é, wọ́n sì ṣí i ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹta ọdún 1979. Orúkọ Murtala Muhammed, olórí ìjọba ológun tí wọ́n pa ní oṣù Kejì 1976, ni wọ́n fi pè é.

Ẹ ṣírò ọdún náà. Láti ìgbà ogun Hitler títí di òní, pápákọ̀ òfurufú tó tóbi jù ní orílẹ̀-èdè yìí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Láti Ẹ̀gbẹ́dá, kò jìnnà rárá. Tó bá jẹ́ pé jíjìnnà sí pápákọ̀ ló ń pa àgbẹ̀, ṣebí àwa ará Alímòṣọ́ ló yẹ kó lówó jù nínú gbogbo àgbẹ̀ Nàìjíríà? Ẹ dákun, ta ni nínú yín ni bàálù ti gbé ẹ̀fọ́ rẹ̀ rí? Ta ni nínú àwa ológbò ẹja, ẹ má bínú, àwa ológún ẹja, ni bàálù ti gbé ẹja àrọ̀ rẹ̀ rí?

Bàálù ẹrù ń balẹ̀ sí Ìkẹjà lójoojúmọ́. Aṣọ, fóònù, ẹ̀yà ara mọ́tò ni wọ́n ń gbé wá. Tí wọ́n bá fẹ́ padà, ẹrù tí wọ́n ń bá lọ kéré púpọ̀ sí èyí tí wọ́n gbé wá. Àyè wà nínú bàálù. Àyè ò fìgbà kan jẹ́ ìṣòro. Ohun tó máa wọ inú àyè yẹn, tí ẹni tó wà lókè òkun á gbà lọ́wọ́ wa, òun ni ìṣòro. Ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sápò, a máa padà sórí ẹ̀.

ÌPẸRU: ORÚKỌ ÀGBẸ̀, ERÉ ÒṢÈLÚ

Ó wá di ti Ògùn. Láyé Gbénga Daniel, tó ṣe gómìnà láti 2003 sí 2011, ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ pápákọ̀ ẹrù oko láàárín Ìpẹru àti Ìlíṣàn ní Rẹ́mọ. Wọ́n gba ilẹ̀. Ọ̀rọ̀ dùn létí: oko wà ní Ògùn, Èkó tó ń jẹun wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, òkè òkun ń dúró.

Ìbíkúnlé Amósùn gbàjọba ní 2011. Ó lo ọdún mẹ́jọ. Òun ò fẹ́ ti Ìpẹru, ọ̀dọ̀ tiẹ̀, lápá Wásinmi ní Ewékorò, ló fẹ́ kó wà. Gómìnà kan ní Rẹ́mọ, èkejì ní Ẹ̀gbá. Àgbẹ̀ tí wọ́n gba ilẹ̀ rẹ̀ ńkọ́? Ó ń wò wọ́n láti ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀.

Nígbà tí Dàpọ̀ Abíọ́dún dé ní 2019, ó padà sí Ìpẹru. Ó sì ṣe é, a ò ní gba ìyẹn lọ́wọ́ rẹ̀. Ní oṣù Kejìlá 2022 ni bàálù kọ́kọ́ balẹ̀ síbẹ̀. Oṣù Kẹta 2023 ni ìbò gómìnà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé oṣù méjèèjì yẹn sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn.

Lẹ́yìn tí bàálù yẹn balẹ̀, ó di oṣù Kẹwàá 2025 kó tó di pé bàálù akérò bẹ̀rẹ̀ sí ná ibẹ̀. Kí ló gbé? Èèyàn. Ibo ló ń lọ? Àbújá. Orúkọ tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, pápákọ̀ ẹrù oko ni. Èyí tí wọ́n ń kọ sára rẹ̀ báyìí, Gateway International Airport ni. Ọ̀rọ̀ oko ti já bọ́ lójú ọ̀nà bí ìṣù tí wọn ò dì dáadáa sẹ́yìn mọ́tò.

A ò ní kí olówó má wọ bàálù lọ Àbújá. Kó máa lọ, kó máa bọ̀. Ohun tá à ń bi wọ́n ni pé nígbà tẹ́ ẹ ń gba ilẹ̀, ṣé ẹ sọ fún àgbẹ̀ pé nítorí àti lọ Àbújá ni?

ÈKÌTÌ ÀTI ÌLỌRIN

Ẹ má rò pé Ògùn nìkan ni. Èkìtì náà ní tiẹ̀. Láyé Ayọ̀délé Fáyóṣé, nígbà tí ìjọba fẹ́ gba ilẹ̀ oko ní ẹ̀bá Adó-Èkìtì fún pápákọ̀, àwọn àgbẹ̀ àti onílẹ̀ ibẹ̀ ò gbà. Wọ́n ò ju òkò, wọ́n ò dáná sun nǹkan kan. Wọ́n lọ sí Ilé Ẹjọ́ Gíga ti Ìjọba Àpapọ̀, adájọ́ sì dá wọn láre, ó ní ọ̀nà tí ìjọba gbà gba ilẹ̀ náà kò bófin mu. Ẹ rántí èyí. Àgbẹ̀ ló gbé ìjọba lọ kóòtù tó sì jàre.

Káyọ̀dé Fáyẹmí wá gbé e dìde padà. Orúkọ tó fún un tún ni ti ẹrù oko. Ọjọ́ wo ni bàálù kọ́kọ́ balẹ̀? Ọjọ́ 15 oṣù Kẹwàá 2022. Ọjọ́ wo ni Fáyẹmí gbé ìjọba sílẹ̀? Ọjọ́ 16 oṣù Kẹwàá 2022. Ọjọ́ kan péré ló wà láàárín wọn!

Ẹ ti rí i báyìí? Kì í ṣe àkókò ìkórè àgbẹ̀ ni bàálù àkọ́kọ́ máa ń balẹ̀. Àkókò ìkórè òṣèlú ni.

Ti Ìlọrin pẹ́ ju méjèèjì lọ. Láyé Bukola Saraki, tí òun náà ṣe gómìnà Kwárà láti 2003 sí 2011, wọ́n kó àwọn àgbẹ̀ òyìnbó tí wọ́n lé kúrò ní Zimbabwe wá sí Shonga, wọ́n sì kọ́ ilé ẹrù sí pápákọ̀ Ìlọrin, wọ́n ní ibẹ̀ ni ire oko á ti máa fò lọ. Oko Shonga mú wàrà jáde, ó mú adìyẹ jáde, ó mú ẹ̀gẹ́ jáde. Ṣùgbọ́n mọ́tò ló ń gbé e lọ bá ẹni tó ń rà á. Ilé ẹrù tí wọ́n kọ́ sí pápákọ̀ dúró lófìfo fún ọ̀pọ̀ ọdún. Bẹ́ẹ̀ àwọn àgbẹ̀ tí wọ́n kó wá yẹn ní tírákítọ̀, wọ́n ní owó báńkì, ìjọba wà lẹ́yìn wọn. Tí àwọn yẹn ò bá rí ẹrù kún bàálù, àwa tá à ń fi ọkọ́ roko ńkọ́?

Nígbà tí Stella Oduah ṣe mínísítà ọkọ̀ òfurufú, láàárín 2011 sí 2014, ìjọba àpapọ̀ tún kéde pé àwọn máa kọ́ ibùdó ẹrù tó ń tètè bàjẹ́ sí oríṣiríṣi pápákọ̀ káàkiri orílẹ̀-èdè. Ẹ̀yin náà ẹ wò yíká. Èyí tẹ́ ẹ bá rí, ẹ pè wá.

ẸJẸ́ KÁ ṢÍRÒ

Àgbẹ̀ tí kò bá mọ ìṣírò, ọlọ́jà ló máa jẹ èrè rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká ṣe é.

Tírélà kan ń gbé tó nǹkan bí 30 tọ́ọ̀nù. Bàálù 737 tí wọ́n yọ àga inú rẹ̀ kúrò kó lè máa gbé ẹrù, nǹkan bí 20 tọ́ọ̀nù ló ń gbé. Tírélà kan ju bàálù yẹn lọ! Èyí tó tóbi gan-an, 747, á gbé nǹkan bí 100 tọ́ọ̀nù, ìyẹn tírélà mẹ́ta sí mẹ́rin. Owó epo bàálù, owó bíbalẹ̀, owó ìdúró, owó àwọn tó ń gbé ẹrù wọlé, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n máa pín sórí kílò kọ̀ọ̀kan.

Ọjà wo ló lè gba irú owó bẹ́ẹ̀? Èyí tó fúyẹ́, tó wọ́n, tó sì ń tètè bàjẹ́. Òdòdó. Ẹ̀wà tútù tí wọ́n ń jẹ tèpotèpo nílẹ̀ òyìnbó. Ewé ẹ̀fọ́ díẹ̀ fún àwọn èèyàn wa tó wà ní Peckham àti Houston, tí wọ́n ṣe tán láti san owó ńlá torí àárò ilé. Ìyẹn wà lóòótọ́, a ò ní parọ́. Ṣùgbọ́n gàrí kò ní wọ bàálù. Iṣu kò ní wọ bàálù. Àgbàdo, ẹ̀gẹ́, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà, ẹyin, kò ní wọ bàálù, tó bá sì wọ̀ ọ́, ẹni tó gbé e lọ á jẹ gbèsè. Ìwọ̀nyí ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń gbìn, ìwọ̀nyí là ń sìn.

Ẹ wò ó, láti Ìpẹru sí Ìkẹjà kò tó 80 kìlómítà. Ẹrù tó bá ti ní ìwé pípé, tó wà nínú mọ́tò tó tutù, tí ọ̀nà sì dáa, á dé Ìkẹjà kí wọ́n tó se ẹ̀bà jinná. Ẹrù tí kò ní ìwé ńkọ́? Tí wọ́n bá kọ́ pápákọ̀ sẹ́nu ọ̀nà ilé ẹ, kò ní lọ ibì kankan.

Ibi tí àgbẹ̀ ti ń sunkún kì í ṣe òfurufú. Orí ilẹ̀ ni. Nínú tòmátì tí a ń kórè nílẹ̀ yìí, iye tó ń bàjẹ́ kó tó dé ẹnu ẹni tó máa jẹ ẹ́ sún mọ́ ìdajì. Ìdajì o! Wọ́n á kó o sínú agbọ̀n ọ̀pá, wọ́n á to agbọ̀n lé agbọ̀n, èyí tó wà nísàlẹ̀ á ti di ọbẹ̀ kó tó dé Mile 12. Ẹ lọ sí Ilé-Epo ní Òkè-Odò láàárọ̀ kùtù, ẹ wo omi pupa tó ń ṣàn lábẹ́ mọ́tò. Owó àgbẹ̀ ló ń ṣàn yẹn. Ẹ wo ọjà Ìkòtún nígbà òjò. Ẹni tó gbé ẹ̀fọ́ jáde láago márùn-ún, gósiló á mú un títí ewé á fi rọ. Ẹni tó máa rà á á ní, "Ìyá, èyí ti kú o, ẹ gba ìdajì."

Pápákọ̀ wo ló fẹ́ wo ìyẹn sàn?

ÌWÉ LÓ Ń DÁ WA PADÀ, KÌ Í ṢE Ọ̀NÀ ÒFURUFÚ

A ní kẹ́ ẹ fi ọ̀rọ̀ kan sápò lẹ́ẹ̀kan. Ẹ yọ ọ́ jáde.

Ní oṣù Kẹfà 2015, àjọ ilẹ̀ Yúróòpù fòfin de ẹ̀wà gbígbẹ láti Nàìjíríà. Kí ló fà á? Òògùn dichlorvos, ọ̀kan lára ohun tí wọ́n ń dì tà ní ọ̀tapíàpíà, ló pọ̀ lára rẹ̀ kọjá ibi tí òfin wọn gbà. Wọ́n ní ọdún kan, wọ́n sún un síwájú, wọ́n tún sún un síwájú. Kò sí ẹni tó sọ pé pápákọ̀ wa kéré. Kò sí ẹni tó sọ pé Nàìjíríà jìnnà. Májèlé ni wọ́n rí.

Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹfà 2017, Audu Ogbeh tó jẹ́ mínísítà ọ̀gbìn nígbà náà fi ayẹyẹ rán iṣu 72 tọ́ọ̀nù lọ sókè òkun láti Èkó. Inú kọ́ńténà ni wọ́n kó o sí, ọkọ̀ ojú omi ló gbé e. Kò pẹ́ tí ìròyìn fi kàn pé iṣu Nàìjíríà tó lọ nígbà yẹn jẹrà kó tó dé ọ̀dọ̀ àwọn tó fẹ́ rà á, mínísítà fúnra rẹ̀ ní àwọn máa wádìí. Ibi tí wọ́n kó iṣu pa mọ́ sí, bí wọ́n ṣe dì í, bó ṣe pẹ́ tó ní èbúté, ìwọ̀nyí ló ń ba iṣu jẹ́. Tẹ́ ẹ bá gbé iṣu tó ti ń jẹrà wọ bàálù, kò ní sàn lójú ọ̀run.

Ìdí nìyẹn tí àwọn oníṣòwò kan fi ń kó ire oko wa gba Ghana kọjá. Ṣé Accra ní pápákọ̀ tó ju Èkó lọ ni? Rárá o. Ìwé àti àyẹ̀wò tibẹ̀ ni àwọn tó ń rà á gbà gbọ́.

Ẹ WO KENYA

Àwọn tó fẹ́ràn pápákọ̀ máa ń ní, "Ẹ wo Kenya!" Ó dáa, ẹ jẹ́ ká wò ó dáadáa.

Kenya ń ta òdòdó àti ẹ̀wà tútù fún ilẹ̀ Yúróòpù, bàálù ló sì ń gbé e. Oko òdòdó tó gbajúmọ̀ jù wà ní Naivasha. Láti Naivasha sí Nairobi tó nǹkan bí 90 kìlómítà, orí títì ni wọ́n ń gbà. Wọn ò kọ́ pápákọ̀ sẹ́bàá oko òdòdó. Mọ́tò tó ní ẹ̀rọ amúǹkan-tutù ni wọ́n fi ń gbé e lọ bá pápákọ̀ tó ti wà tẹ́lẹ̀. Oko kọ́kọ́ wà, yàrá tútù tẹ̀ lé e, àyẹ̀wò tẹ̀ lé e, bàálù wá dé nígbà tó rí ẹrù.

Kenya kan náà kọ́ pápákọ̀ mìíràn sí Eldoret, láàárín àgbègbè oko àgbàdo àti wíìtì, láyé ààrẹ Moi tó jẹ́ ọmọ apá ibẹ̀. Wọ́n ṣí i ní 1997. Kí ló ṣẹlẹ̀? Bàálù ẹrù ń kó ọjà òkèèrè wá sí Eldoret, ó ń tú u sílẹ̀, ó sì ń gbéra lófìfo lọ sí Nairobi láti lọ wá ẹrù. Àgbẹ̀ Eldoret ń wò ó láti ìsàlẹ̀.

Orílẹ̀-èdè kan, pápákọ̀ méjì. Èyí tó wà níbi tí ètò ọjà wà ń gbé ire oko. Èyí tí wọ́n kọ́ sáàárín oko ń kó ọjà ẹlòmíì wọlé. Ọgbọ́n wo la tún ń wá?

WỌ́N Á NÍ, WỌ́N Á NÍ

Wọ́n á ní pápákọ̀ ń mú iṣẹ́ wá. Lóòótọ́ ni. Iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́, iṣẹ́ ìgbálẹ̀, iṣẹ́ tákísí. Ọmọ àgbẹ̀ tí bàbá rẹ̀ ní kòkó tẹ́lẹ̀ á wá máa ti kẹ̀kẹ́ ẹrù fún èrò. Ẹni tó bá rí ìyẹn bí ìlọsíwájú, ó kù sí i lọ́wọ́.

Wọ́n á ní ilẹ̀ á gbówó lórí. Ìyẹn gan-an ló ń bà wá lẹ́rù! Ta ni ilẹ̀ ń gbówó lórí fún? Ọ̀pọ̀ nínú wa, a yá ilẹ̀ ni. Tí ilẹ̀ bá gbówó lórí, onílẹ̀ á lé wa. Àwa ará Alímòṣọ́ mọ̀ ọ́n. Ibi tí ẹ̀fọ́ wà ní Ìgàndo nígbà kan, ilé alájà méjì ló wà níbẹ̀ báyìí. Bá a ṣe di ẹni tó ń lọ wá ilẹ̀ ní Ògùn nìyẹn. Tí wọ́n bá tún lé wa ní Ògùn, ibo ló kù?

Wọ́n á ní a máa rí owó gbà-má-bínú. Ẹ tẹ́tí sílẹ̀ dáadáa síbí. Òfin Ilẹ̀ ti 1978 kò ní kí ìjọba san iye tí ilẹ̀ tó lọ́jà fún yín. Ohun tó wà lórí ilẹ̀ ni wọ́n ń san: irè oko, igi eléso, ilé, kànga, àti owó ilẹ̀ tẹ́ ẹ bá san lọ́dún yẹn. Òṣìṣẹ́ ìjọba ló sì máa sọ iye tí irè yín tó. Ẹni tí kò lè fi hàn pé òun gbin nǹkan kan, òfìfo ló máa gbà. Òfin kan náà ní níbi tó bá jẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ló gba ilẹ̀ oko lọ́wọ́ ẹni tó ní ẹ̀tọ́ ìbílẹ̀ lórí rẹ̀, kí wọ́n fún un ní ilẹ̀ mìíràn tó lè fi dáko. Ẹ ò gbọ́ ìyẹn rí, àbí? Wọn kì í sọ ọ́ nígbà ayẹyẹ.

OHUN TÁ A FẸ́

Kí ẹnìkan má sọ pé ariwo nìkan la mọ̀. Ohun tá à ń béèrè nìyí, a sì fẹ́ kí ìjọba Èkó, Ògùn àti ti àpapọ̀ gbọ́.

Ẹ ṣe ọ̀nà oko. Kì í ṣe títì gómìnà, ọ̀nà tó já sínú oko ni.

Ẹ gbé yàrá tútù tó ń lo oòrùn sí àwọn ọjà wa: Ìkòtún, Ilé-Epo, Ìgàndo. Owó tí wọ́n fi dá pápákọ̀ kan sílẹ̀ á kọ́ yàrá tútù tí a ò ní lè kà tán.

Ẹ jẹ́ kí kéréètì oníke rọ́pò agbọ̀n ọ̀pá, kí àgbẹ̀ lè yá a lówó pọ́ọ́kú.

Ẹ ṣe lábù tá a ti lè yẹ òògùn tó kù lára irè oko wò, níbi tí àgbẹ̀ kékeré náà lè gbé ẹ̀fọ́ rẹ̀ lọ.

Èyí tó gbẹ̀yìn, tó sì rọrùn jù: ẹ máa gbé iye tọ́ọ̀nù ire oko tó bá gba Ìpẹru àti Adó-Èkìtì jáde síta lóṣooṣù. Tí ó bá pọ̀, a máa wá síbí, a máa dọ̀bálẹ̀, a máa ní a ṣe àṣìṣe. Tí ó bá jẹ́ òdo, kí wọ́n yọ orúkọ àgbẹ̀ kúrò lára ohun tí kì í ṣe ti àgbẹ̀.

OHUN TÍ Ẹ̀YIN NÁÀ MÁA ṢE

Ẹ má san owó fọ́ọ̀mù fún ẹnikẹ́ni nítorí pápákọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ta ọjà sókè òkun lóòótọ́, ọ̀dọ̀ àjọ NEPC ló ti ń forúkọ sílẹ̀ bí olùtajà sókè òkun, àjọ NAQS ló sì ń yẹ irè oko wò tó ń fún un ní ìwé pé kò ní àrùn àti kòkòrò. Ọ́fíìsì ni wọ́n ní, wọn kì í jókòó sábẹ́ àtíbàbà. Kẹ́ ẹ tó gbin nǹkan kan torí òkè òkun, ẹ kọ́kọ́ rí ẹni tó máa rà á. Ẹ má gbìn tán kẹ́ ẹ tó máa wá a.

Ẹ jáwọ́ nínú fífi ọ̀tapíàpíà sí ẹ̀wà. Àpò tó ń dí pa tí afẹ́fẹ́ ò lè wọ̀, alápò mẹ́ta nínú ara wọn, á pa kòkòrò láìsí májèlé. Àwa àti àwọn ọmọ wa náà ló ń jẹ ẹ̀wà yẹn, kì í ṣe òyìnbó nìkan.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń dáko lápá ibi tí wọ́n ti ń wọn ilẹ̀ fún pápákọ̀ tàbí títì, ẹ gba rìsíìtì owó ilẹ̀ yín, kó má jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan. Ẹ ka igi yín, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ fi fóònù ya oko yín láti ìkángun dé ìkángun, kí ọjọ́ tẹ́ ẹ yà á hàn lórí rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá rí òṣìṣẹ́ tó ń kun igi ní pupa, ẹ má bá a jà, ẹ béèrè ìwé ìfilọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ lọ pàdé pọ̀, kẹ́ ẹ wá lọ́yà kan ṣoṣo fún gbogbo yín. Àwọn àgbẹ̀ Èkìtì ò ju yín lọ. Wọ́n kàn ṣọ̀kan ni.

Àwọn àgbà wa ní ẹni tó máa bímọ bí olókun, á fi olókun jọ. Ẹni tó bá ní nítorí àgbẹ̀ lòun ṣe ṣe nǹkan, kí ohun tó ṣe fi ojú jọ àgbẹ̀. Kó máa rùn erùpẹ̀. Kí ìyá tó ń ta ẹ̀fọ́ ní Ìkòtún lè tọ́ka sí i pé, "Èyí, èmi ni wọ́n ṣe é fún."

Títí dìgbà yẹn, tí bàálù bá kọjá lórí oko yín, ẹ juwọ́ sí i bí ọmọdé ti ń ṣe. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, kẹ́ ẹ máa roko lọ. Títì ni ire yín máa gbà. Títì ni kẹ́ ẹ máa béèrè.

Ẹ bá wa pín ọ̀rọ̀ yìí dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń dáko ní Ògùn. Ẹni tí wọ́n bá ti gba owó fọ́ọ̀mù pápákọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, kó sọ fún wa nísàlẹ̀ kí ẹlòmíì lè gbọ́n.